Má tíì há normalization sórí

Àbúrò, o ní èwo lo máa kọ́kọ́ dojú kọ, normalization (pípín àkọsílẹ̀ kí ohun kan náà má bàa wà níbi púpọ̀) tó wà nínú nóòtì yín ni àbí SQL (èdè tá a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ database, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà), torí ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wá ìwé àkọsílẹ̀ kan tó o mọ̀ dunjú ná, kó o fi ṣe table, ìyẹn àtẹ onílà.

Ìwé àjọ táwọn ìyá mi ń dá l'Ọ́jà Ọba, l'Adó níbí, lèmi lò. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú table kan ṣoṣo, bó ṣe wà nínú ìwé. Màmá kan tó ń ti Ìkéré wá pààrọ̀ nọ́ńbà. Àfi kí n tún gbogbo ìlà tó ti sanwó ṣe, torí bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, ẹnì kan ṣoṣo ti di oní-nọ́ńbà méjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò tíì san kọ́bọ̀ kò ríbi jókòó. Ẹni tó sì ní ìlà kan péré, bó o bá pa á rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti pòórá nínú àjọ nìyẹn. Ohun tí nóòtì ń pè ní update, insertion àti deletion anomaly kò ju báyìí lọ. Nọ́ńbà fóònù kò rọ̀ mọ́ owó, ẹni tó san án ló rọ̀ mọ́. Nítorí náà, pín in: èèyàn lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀, kí foreign key (àmì ìdánimọ̀ ẹni náà tó wà nínú table owó) so wọ́n pọ̀. O ti dé third normal form, ìpele kẹta normalization. Má sì forúkọ ṣe primary key (ohun tá a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀) o. Ìyá Bọ́lá mélòó ló wà lọ́jà?

(Codd ti IBM ló gbé relational model, ìyẹn èrò kíkó àkọsílẹ̀ sínú table, jáde lọ́dún 1970: mọ ìyẹn fún ìbéèrè kéékèèké, kó o máa lọ.)

Ní SQL, JOIN, tó ń so table méjì pọ̀, ló ń gbé èèyàn ṣubú. Wọ́n lè bi ẹ́ pé ta ni kò tíì sanwó. JOIN lásán á yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dànù, torí kò ní ìlà kankan ní table owó. LEFT JOIN, tó ń mú gbogbo ìlà table àkọ́kọ́ wá, ló máa mú un wá, tòun ti NULL (àyè tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀). IS NULL ni kó o kọ; = NULL kò ní mú ẹnikẹ́ni jáde, kò sì ní sọ fún ẹ pé nǹkan kan ṣe.

SQLite, database kékeré kan, tó fún gbogbo èyí. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kò fẹ́ dátà, kò sì kàn án bóyá iná wà. Ṣùgbọ́n tẹ PRAGMA foreign_keys = ON kó lè máa yẹ foreign key wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gba owó ẹni tí kò sí nínú àjọ wọlé. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé láìwo fóònù, torí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé o gbàgbé ON (tó ń sọ ohun tó so table méjèèjì pọ̀) lẹ́yìn JOIN.