Kí o tó fi iṣẹ́ oògùn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀

Àbúrò, o ní ọdún kejì rẹ rèé nínú máásítà, o ń ṣe hóró oògùn tí yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ara, kò sí èyí tó yọrí, wọ́n sì ti dá ìwé tí o fi tọrọ owó ìwádìí padà lẹ́ẹ̀mẹta. O wá ń béèrè bóyá kí o lọ máa bá iléeṣẹ́ kan polówó oògùn. Mo ti wà níbi tí o wà yẹn rí.

Oje igi kajú ni mo fi ṣe tèmi. Mo máa ń ká a lára igi, màá fọ̀ ọ́, màá sá a, màá lọ̀ ọ́ kúnná, màá pò ó mọ́ oògùn, kí n tó tẹ̀ ẹ́ di hóró. Màá wá sọ ọ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, màá máa bu omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti mọ iye oògùn tó ti jáde. Wákàtí 12 ni mo ń lé. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, kí wákàtí kan tó pé, ìdajì ti jáde. Bí iná bá sì lọ ní wákàtí kẹsàn-án, omi á tutù, ọjọ́ yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Mo ti jókòó ti abọ́ omi yẹn sunkún.

Robert Langer, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń fi tù wá nínú. Ìwé owó ìwádìí mẹ́sàn-án tó kọ́kọ́ kọ, wọn ò gba ìkankan. Àmọ́ ibi tó lọ jókòó sí ló là mí lójú. Ó parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ní 1974, àwọn iléeṣẹ́ epo ń wá a lójú méjèèjì, òun lọ bá Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston. Folkman gbà pé bí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun kò bá hù, jẹjẹrẹ kò ní rí oúnjẹ jẹ. Langer wá ń kó egungun màlúù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ó ń wá ohun tó lè dá òpó ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn dúró. Kí wọ́n tó lè dán an wò, ó gbọ́dọ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ èròjà tí hóró rẹ̀ tóbi ni. Báwo ni irú èròjà ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́? Àwọn àgbà inú iṣẹ́ ní kò lè ṣeé ṣe. Ní 1976, òun àti Folkman fi hàn nínú Nature, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé pólímà, èròjà bíi rọ́bà tàbí ike, lè ṣe é. Nígbà tó yá, òun àti Henry Brem, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ṣe Gliadel: wáfà pẹlẹbẹ tí oògùn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, títí dé 8, tí wọ́n ń tò síbi tí wọ́n ti yọ kókó jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ. 1996 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Èmi kò jókòó ti aláìsàn kankan rí. Lọ́jọ́ tí hóró mi dé wákàtí 11, mo fi ayọ̀ gbé e lọ han nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń tọ́jú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ọmọ mi, ó ti tóbi jù. Màmá tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn á fọ́ ọ ni." Mo lọ bá màmá. Wọ́n ní àwọn máa ń lọ irú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ ni. Ara mi bù máṣọ. Oògùn wákàtí 12 tí a bá lọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò ya wọ ara: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òòyì á gbé àgbàlagbà ṣubú.

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo sọ ọ́ di wóró wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèpo tirẹ̀, nínú kápúsù tí màmá lè ṣí dà sórí ẹ̀kọ láì lọ ohunkóhun. Ó gbà mí ní oṣù 14 sí i. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé owó ìwádìí tí mo kọ tẹ̀ lé e, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Má tíì kúrò. Fi ọ̀sẹ̀ méjì lọ jókòó níbi tí àwọn tí o ń ṣe oògùn fún ti ń gba oògùn, kí o bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ọkàn rẹ kò bá tún fà sí i lẹ́yìn náà, lọ ta oògùn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní ti hóró rẹ tó ń jáde jù ní wákàtí àkọ́kọ́, oògùn tó lẹ̀ mọ́ ara òde rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Fi òǹkà wákàtí méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ wò ó.