Má ṣe fi mozjpeg rọ́pò libjpeg fún gbogbo distro yín

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí o kọ láti Kétu. Distro, ìyẹn àkójọ ètò Linux, tí ẹ kọ́ lórí Debian 12 fún àwọn onífọ́tò àti fún àkójọ àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ fọ́tò ń gba àyè, owó íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń gbé wọn sókè sì ti wọ̀ yín lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ yọ libjpeg-turbo kúrò, ìyẹn láíbìrì (kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) tó ń ka fọ́tò JPEG tó sì ń kọ ọ́, kí o fi mozjpeg, èyí tó ń mú fáìlì JPEG kéré sí i, sí ipò rẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ. O ní orúkọ fáìlì àwọn méjèèjì bára mu, libjpeg.so.62, o wá béèrè bóyá kí o kàn fi cp, àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, da ọ̀kan bo èkejì.

Má ṣe é, jọ̀ọ́. Kì í ṣe pé mozjpeg ò dára. Èmi náà ń lò ó lójoojúmọ́ níbí ní Àjàṣẹ́, mo sì fẹ́ kí o lò ó. Àmọ́ àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn ti sọ ibi tó yẹ kó wà: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dín fọ́tò tó ń lọ sórí wẹ́ẹ̀bù kù, láíbìrì JPEG tí gbogbo ètò inú ẹ̀rọ jọ ń lò, wọ́n ní libjpeg-turbo ni kéèyàn fi síbẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú ni wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kóòdù náà ló fà á.

Ètò yòówù tó bá fẹ́ kọ JPEG, ó máa ń kọ́kọ́ pe jpeg_set_defaults. Ibẹ̀ gan-an ni mozjpeg ti yí nǹkan padà. Bí ètò bá ti pè é báyìí, láìmọ̀ rárá, ó ti gba progressive (JPEG tí wọ́n tò ní ìpele ìpele), ó ti gba trellis quantization, ìyẹn ni pé láíbìrì náà á máa dán oríṣiríṣi nọ́ńbà wò títí yóò fi rí èyí tó mú fáìlì kéré jù. Ìṣirò yẹn ń jẹ àkókò. Fún fọ́tò kan tí o fẹ́ gbé sórí wẹ́ẹ̀bù, kò burú, kí ó máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ronú nípa gbogbo àwọn mìíràn tí wọ́n ń kọ JPEG lórí ẹ̀rọ yín tí o kò tiẹ̀ rántí: ẹ̀rọ tó ń ṣíkáànì ìwé, LibreOffice tó ń sọ ìwé di PDF, kámẹ́rà, àwọn àwòrán kéékèèké inú fódà. x11vnc ni tiwa. A ń fi í wo ẹ̀rọ oníbàárà tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti orí tábìlì wa ní Àjàṣẹ́, JPEG ló sì fi ń fi ojú ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́, ojú kan lẹ́yìn ojú kan. Ọmọ ilé-iṣẹ́ kan dán ohun tí o fẹ́ ṣe yìí wò lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìka máúsì ti dé ibi tó ń lọ, ojú ẹ̀rọ ò tíì dé. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ò dára. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan.

Progressive náà ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ń kà á láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé baseline, JPEG tí wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo mọ ọ̀kan nítòsí ọjà Ouando tó kàn máa ń sọ pé fáìlì náà ti bàjẹ́. Fọ́tò ìyàwó ni, ìgbéyàwó ti kọjá, ìyá ìyàwó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn onífọ́tò tí ẹ ń ṣe distro fún, irú ẹ̀rọ báyìí ló wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ tó bára mu, èyí tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí òun ló ti gba àkókò jù lọ́wọ́ mi láti ọdún tí mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ àwọn onífọ́tò.

Láti 1998 tí libjpeg 6b jáde, nọ́ńbà tí gbogbo ètò mọ̀ ni 62. Fún ọdún mọ́kànlá kò sí ohun tó yí padà. Ní 2009 ẹ̀dà 7 dé, ní 2010 ẹ̀dà 8 tẹ̀lé e. Ìtò inú struct wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe to dátà tí ètò àti láíbìrì jọ ń lò, ti yàtọ̀, nọ́ńbà náà sì yí padà, ó di libjpeg.so.7, ó di libjpeg.so.8. Ọdún 2010 yẹn náà ni libjpeg-turbo bẹ̀rẹ̀, ó ń lo àṣẹ SIMD inú CPU, tó ń ṣe ìṣirò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyára rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà ti àtijọ́. Fedora 14 gbà á lọ́dún náà. Ubuntu náà gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ kí ó máa jẹ́ nọ́ńbà 8. Debian ní tirẹ̀ ń lo libjpeg8 nínú Debian 7, àríyànjiyàn gùn, títí ìgbìmọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ wọn fi dá sí i ní 2014 pé libjpeg-turbo ni kó jẹ́ ti gbogbogbòò. Nígbà tí Debian 8 jáde ní 2015, ó ti padà sórí 62. Ubuntu ò kúrò lórí 8.

Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀ fún àwa tí à ń gbé pákéèjì láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Àwọn ilé fọ́tò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní ètò kan tí wọ́n fi ń to fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sórí bébà. Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù rẹ̀, ó sì ti so ó mọ́ libjpeg.so.8. A gbé ẹ̀rọ lọ sí Debian 8, ètò ní òun ò rí libjpeg.so.8. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi ln -s, àṣẹ tó ń fi orúkọ mìíràn tọ́ka sí fáìlì, sọ libjpeg.so.62 di libjpeg.so.8. Ìdáhùn yẹn ṣì wà káàkiri títí dòní, ó sì ń bà mí nínú jẹ́. Ohun méjì ni ó máa ń bí. Bí wọ́n bá ti kọ́ ètò náà mọ́ symbol (orúkọ iṣẹ́ inú láíbìrì) tó ní nọ́ńbà ẹ̀dà, loader, èyí tó ń so ètò mọ́ láíbìrì, á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, á ní òun ò rí LIBJPEG_8.0. Ìyẹn ló sàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ètò á ṣí, fèrèsé rẹ̀ á yọ, ìgbà tí oníbàárà bá jókòó tán tí wọ́n fẹ́ ṣí fọ́tò ni láíbìrì á wá sọ pé: Wrong JPEG library version: library is 62, caller expects 80. Ètò á kú.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn .so, ìlérí ni láàárín láíbìrì àti gbogbo ètò tó gbára lé e: bí struct ṣe gùn tó, ohun tó wà ní ipò kìíní, ohun tó wà ní ipò kejì. Yíyí orúkọ fáìlì padà kò yí ìlérí yẹn padà. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ ètò pásípọ́ọ̀tù yẹn ni pé mo tú libjpeg.so.8 gidi jáde láti inú pákéèjì Debian 7, mo fi í sí fódà tirẹ̀ lábẹ́ /opt, mo sì kọ script kékeré tó fi LD_LIBRARY_PATH tọ́ka síbẹ̀ fún ètò kan ṣoṣo yẹn. Àwọn ètò yòókù ò mọ̀ pé ó wà. gdk-pixbuf, láíbìrì àwòrán tí ètò náà ń pè, ṣì ń lo 62 nígbà kan náà, ẹ̀dà symbol ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì dàpọ̀.

Òótọ́ ni pé mozjpeg bá 62 mu, ìlérí kan náà ni. Torí náà kò ní kú bí ti ètò yẹn. Yóò ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rù rẹ̀ fún ọ ju èyí tó kú lọ. Ẹ̀rọ á lọ́ra, fọ́tò kan á kọ̀ láti tẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò jáde tí ẹnikẹ́ni á fi mọ ibi tí yóò wò.

Cp náà, yọ ọ́ kúrò lọ́kàn rẹ pátápátá, ìbáà jẹ́ láíbìrì wo. Cp máa ń ṣí fáìlì tó wà níbẹ̀, á pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, á sì máa kọ tuntun sínú rẹ̀, nígbà tí àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ṣì ń kà á láti ibẹ̀. Wọ́n lè ṣubú lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá sì lọ ní àárín rẹ̀, o mọ bí iná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ìdajì láíbìrì ni ẹ̀rọ á jí bá. Dpkg, ètò tó ń fi pákéèjì Debian sórí ẹ̀rọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń kọ fáìlì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú orúkọ .dpkg-new, ìgbà tó bá pé ni ó ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà tí Debian bá mú àtúnṣe ààbò jáde fún libjpeg62-turbo, apt, ètò tó ń gbé pákéèjì wá, á kó o lé orí tìrẹ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sì fi apt-mark hold dè é kí apt má fọwọ́ kàn án, ìwọ ni o di ẹni tí yóò máa ṣọ́ ààbò láíbìrì tó ń ṣí gbogbo fọ́tò tí ẹlòmíràn bá fi ránṣẹ́ sí yín.

Èrè rẹ̀ pàápàá kéré ju bí o ṣe rò lọ. Firefox gbé láíbìrì JPEG tirẹ̀ dání. Pillow, láíbìrì àwòrán Python, tí pip kó wá náà gbé tirẹ̀. Ètò tí wọ́n dì sínú Flatpak ń lo ti inú rẹ̀. O máa yí fáìlì yìí padà, àwọn wọ̀nyí ò sì ní gbọ́.

Torí náà, kọ́ mozjpeg sí /opt/mozjpeg, ibẹ̀ ló máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí o ò bá sọ nǹkan mìíràn. Fún ẹ̀dà fọ́tò tó ń lọ sórí wẹ́ẹ̀bù, djpeg á tú u, cjpeg á tún un dì:

djpeg foto.jpg | /opt/mozjpeg/bin/cjpeg -quality 75 -outfile web.jpg

Djpeg kì í gbé EXIF, ìsọfúnni tí kámẹ́rà kọ sínú fọ́tò, kọjá o, torí náà fọ́tò tí fóònù yà lóòró lè dùbúlẹ̀. Kọ́kọ́ yí i dúró. Fún èyí tó ń lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò, fi -baseline kún un.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má fi cjpeg kan èyí tí kámẹ́rà yà. Nínú àwọn tó wà nínú fọ́tò wọ̀nyẹn, àwọn àgbà wà tí ẹ ò ní rí yà mọ́, àwọn ère orí wà tí igi wọn ti jẹrà. Gbogbo ìgbà tí o bá tún JPEG kọ ni nǹkan ń sọnù nínú rẹ̀, kì í sì padà. Jpegtran ni kí o lò:

/opt/mozjpeg/bin/jpegtran -copy all -outfile tuntun.jpg atijo.jpg

Òun kì í tú fọ́tò náà sí píkísẹ́lì rárá. Ó kàn ń tún àwọn nọ́ńbà tó ti wà níbẹ̀ tò lọ́nà tó gba àyè díẹ̀; EXIF pé, ọjọ́ tí wọ́n yà á pé, àwòrán ò sì yí padà. Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, fi djpeg ti Debian tú àwọn méjèèjì sí PPM, irú àwòrán tí wọn kò fún pọ̀, kí o fi cmp fi wọ́n wéra. Kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Ìgbà tí cmp bá dákẹ́ ni kí o pa ti àtijọ́ rẹ́, kì í ṣe ṣáájú.

Bí àwọn tí ẹ jọ ń ṣe distro bá ṣì takú pé gbogbo ẹ̀rọ ni, ẹ ṣe é bíi pákéèjì gidi: orúkọ tirẹ̀, Conflicts, Replaces, àti Provides tó ní nọ́ńbà ẹ̀dà, torí àwọn ètò Debian ń béèrè libjpeg62-turbo tó ga ju ẹ̀dà kan lọ, Provides lásán ò ní tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí ẹ sì yí profile inú kóòdù náà sí JCP_FASTEST, kó máa hùwà bíi ti libjpeg-turbo àyàfi tí ètò kan bá béèrè nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ ńlá ni, èrè rẹ̀ ò sì ju ti /opt lọ.

Kí o tó ṣe èyíkéyìí, lo ldd, àṣẹ tó ń fi láíbìrì tí ètò kan ń pè hàn, lórí àwọn ètò ìtẹ̀fọ́tò tí àwọn oníbàárà yín rà, pàápàá èyí tí kò wá láti Debian. Kọ àwọn tó bá pe libjpeg.so.8 síbí, mo lè fi script tí mo ń lò ránṣẹ́ sí ọ.