Ẹ Bi Wá: Kí Ló Ń Mú Omi Lẹ́mọ́ọ̀nù Korò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi lẹ́mọ́ọ̀nù ẹ̀yìnkùlé wa ń so gan-an. Mo lọ èso náà tèèpo tèèpo nínú bùlẹ́ńdà, mo sẹ́ ẹ, mo da ṣúgà àti omi tútù sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti korò bí ewúro, ṣúgà sì ti sùn sí ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì. Kí ni mo ṣì ṣe?
Òǹkàwé yín, Alágbàká, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Bùlẹ́ńdà yẹn ni. Inú awọ funfun abẹ́ èèpo àti kóró ni ìkorò wà. Tí ẹ bá ti lọ̀ wọ́n, bó bá ṣe ń pẹ́ ni yóò máa korò sí i. (Ewúro tiẹ̀ sàn, a máa ń fọ̀ ọ́.) Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí èso náà lórí tábìlì, ẹ là á sí méjì, ẹ fọwọ́ fún un, kí ẹ sẹ́ kóró kúrò. Èso 6 sábà máa ń tó ife 1.

Ṣúgà kì í tètè yọ́ nínú omi tútù. Ẹ gbé ṣúgà ife 1 àti omi ife 1 kaná, ẹ rò ó títí yóò fi yọ́ tán, kó má ki. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó da omi èso sí i, torí ooru máa ń lé òórùn dídùn rẹ̀ lọ. Ẹ wá bu omi tútù ife 4 sí i. Ẹ dín in kù bí ẹ bá máa fi yìnyín sí i. Jọ́ọ̀gì gíláàsì ló dáa, kì í ṣe ìkòkò alumínọ́ọ̀mù, torí omi kíkan lẹ́mọ́ọ̀nù máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ má sì dúró kí èèpo pọ́n. Òru ilẹ̀ wa kì í tutù tó, lẹ́mọ́ọ̀nù lè gbó tán kó ṣì ní àwọ̀ ewé. Èyí tó bá wúwo, tó sì rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ká a.