Ṣé Ẹgàn Ni Igbó Páìnì Tí A Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Atlanta ni mò ń gbé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pawọ́ pọ̀ ra éékà 30 ní gúúsù Georgia. Páìnì eléwé gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní longleaf, ló wà níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní ẹgàn ni, pé ẹnikẹ́ni ò gégi níbẹ̀ rí. Igi wẹ́wẹ́ àti ìtàkùn sì ti dí abẹ́ rẹ̀ pa. Báwo la ṣe máa mọ òótọ́? Báwo la ṣe máa tún un ṣe?

ÌDÁHÙN: Dídí yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fu yín lára. Ẹgàn tiwa nílé, kìjikìji ni. Ẹgàn longleaf kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dàn ló jọ: igi jìnnà síra wọn, oòrùn ń kan ilẹ̀, koríko wiregrass ló sì bo abẹ́ rẹ̀. Iná ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àrá á sán, koríko gbígbẹ á gbaná, iná á sáré kọjá, igi wẹ́wẹ́ á kú, páìnì tí èèpo rẹ̀ nípọn á dúró. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àtijọ́ náà máa ń sungbó níbẹ̀. Nǹkan bíi 90 mílíọ̀nù éékà ni igbó yìí nígbà kan, láti Virginia títí dé Texas. Èyí tí ayùn ò kàn rí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ má fi sísanra igi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, torí lórí iyanrìn tí kò lọ́ràá, igi 200 ọdún lè tín-ín-rín. Orí rẹ̀ ni kí ẹ wò: ti ọmọdé ṣóńṣó, ti àgbà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ẹni tó mọṣẹ́ fi irin oníhò lu díẹ̀ nínú wọn ní gíga àyà, kó ka òrùka inú rẹ̀, kó sì fi ọdún mélòó kan lé e, nítorí longleaf máa ń jókòó sílẹ̀ bí ìdì koríko fún ọdún díẹ̀ kó tó na. Igi àgbà kan ṣoṣo kì í sọ igbó di ẹgàn o. Ọmọdé, géńdé àti arúgbó gbọ́dọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, kí òkú igi sì wà lóòró àti nílẹ̀. Bí wọ́n bá tò ní ìlà, oko páìnì lẹ rà. Wiregrass ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù: ilẹ̀ tí wọ́n bá ti fi katakata kọ rí, kì í sábà dá padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, àṣìṣe tó ń pa igi àgbà jù ni kí èèyàn kàn dáná sí i. Níbi tí iná ò ti dé fún ọgbọ̀n ọdún, ewé àti èèpo jíjẹrà á ti kó jọ sí ìdí igi, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á sì ti gun inú rẹ̀. Iná á máa rú èéfín níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìlahọ́n. Orí igi á ṣì tutù yọ̀yọ̀, kó tó kú ní ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ìgbà òtútù ni kí iná àkọ́kọ́ jẹ́, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò gidi. Ẹ ki ọwọ́ bọ ìdí igi: òkè gbọ́dọ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù. Lẹ́yìn iná, ẹ gbé omi káàkiri, kí ẹ pa gbogbo ìdí tó bá ń rú èéfín. Ẹ tún un ṣe títí pàǹtí yẹn á fi fẹ́lẹ́, kí ẹ tó bọ́ sí iná April sí June, ní ọdún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Iná ìgbà yẹn ló ń mú wiregrass yọ òdòdó. Igi oníewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti nípọn ju apá lọ, iná ò ní pa á: ẹ gé e, kí ẹ fi oògùn apagi bíi triclopyr kun kùkùté rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún rúwé. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Georgia Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó níbẹ̀, kí ẹ sì gba ẹni tó níwèé ẹ̀rí iná sísun. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nìkan kọ́ o.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè gbin ọmọ páìnì sí àlàfo?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ní ìgbà òtútù, èyí tó hù nínú ike. Ẹ má kọ ilẹ̀, ẹ ó pa wiregrass. Iyẹ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ bo ọ̀mùnú rẹ̀. Èyí tó bá bò á máa ń kú. Tó bá ti fìdí múlẹ̀ bí ìdì koríko, iná ò ní ṣe é ní nǹkan, á tilẹ̀ pa àrùn ewé rẹ̀. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ na dé orúnkún ni kí ẹ fi iná jìnnà sí i.

ÌBÉÈRÈ: Alágẹdú kan fẹ́ ra àwọn arúgbó tí inú wọn ti ń jẹrà. Ṣé ká tà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tà á. Ẹyẹ àkókó tí wọ́n ń pè ní red-cockaded woodpecker, inú páìnì tó ṣì wà láàyè ló ń gbẹ́ ilé sí, ó sì sábà máa ń yan èyí tó ti lé ní 80 ọdún, tí olu ti sọ inú rẹ̀ di rírọ̀. Èyí tí alágẹdú ń pè ní bíbàjẹ́ ni ilé tirẹ̀.