Èsì: Ṣé inú gáàsì tí ẹ fẹ́ sí i ni amóníà yẹn ti wá?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ń gbìyànjú láti fi gáàsì naitrójìn ṣe amóníà: ẹ fi vanadium nitride ṣe kátálíìsì (ohun tó ń mú ìyípadà kẹ́míkà yá), ẹ fẹ́ gáàsì náà sí i, ẹ tan iná mànàmáná sí i, ẹ sì rí amóníà nínú omi rẹ̀, pé ṣé ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Ẹ má tíì yọ̀. Nitride fúnra rẹ̀ ní naitrójìn lára. Bí iná bá ti wọ̀ ọ́, naitrójìn ara rẹ̀ lè bá háídrójìn jáde di amóníà, kí gáàsì tí ẹ ń fẹ́ sí i má dá sí i rárá. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé naitrójìn inú gáàsì á wá dí àlàfo tó ṣẹ́ kù. Bí kò bá dí i ńkọ́? Ara rẹ̀ ló ń jẹ nìyẹn. Ní 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà dán nitride vanadium àti ti niobium (irin mìíràn) wò. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nìyẹn gan-an.

Ẹ fi argon (gáàsì tí kò ní naitrójìn nínú) rọ́pò naitrójìn, kí ẹ tan iná bákan náà. Bí amóníà bá ṣì ń jáde, ọwọ́ ti ba olè. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lo 15N₂ (naitrójìn tó wúwo ju ti gbogbo ìgbà lọ, tí a lè fi dá ibi tí amóníà ti wá mọ̀), àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbà á kọjá nínú ásíìdì, torí amóníà lè ti wà nínú sílíńdà yẹn tẹ́lẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti èémí ẹnu pàápàá ń kó o wọlé.