Ọkọ tí ó máa ń dákẹ́ bí ìjà bá dé

Arábìnrin wa tí ẹ kọ̀wé pé ọkọ yín kì í fèsì bí èdè-àìyedè bá ti ṣẹlẹ̀, pé ńṣe ni ó máa ń dìde kúrò níwájú yín, tí ẹ sì ń béèrè bóyá ìfẹ́ ti tán nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, nítorí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Ìkéré-Èkìtì, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi dúró tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́, ó ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí; àyà mi ń lù kì-kì-kì, iyán tí ó ń tutù nínú odó ni mo tẹjú mọ́. Bí ó ti ń pariwo sí i ni ahọ́n mi ń wúwo sí i, bí mo sì ti ń dákẹ́ ni ó ń gbà pé mo fojú tẹ́ḿbẹ́lú òun.

John Gottman àti Robert Levenson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti so ẹ̀rọ mọ́ ara àwọn tọkọtaya tí ń jiyàn láti mọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Gottman ní bí ó bá ti ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, agbára káká ni ènìyàn fi ń gbọ́ ẹnì kejì, àti pé ara nílò ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú kí ó tó rọlẹ̀. (Ẹni tí ó bá fi àkókò náà to èsì burúkú jọ kò tíì sinmi rárá o.)

Ohun tí ó yọ wá ni pé ẹni tí ó bá jáde gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí yóò padà, òun náà ni yóò sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ kí n fún àwọn ewúrẹ́ lóúnjẹ, bí mo bá wọlé, èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Ó ní láti mú ara dúró kí ó má tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé, èmi náà ní láti padà wọlé nígbà tí ó wù mí kí n lọ sùn. Ọjọ́ tí ara bá tu yín méjèèjì ni kí ẹ dá irú àdéhùn yìí, kì í ṣe inú ìjà.

Ṣùgbọ́n ọkọ tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì yan ìyàwó rẹ̀ lódì, tí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀, tí ó ń dúró kí ó wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ti yín bá jẹ́ èyí, ẹ wá àgbà tí ó bọ̀wọ̀ fún kí ó bá a sọ ọ́, kí ẹ sì rí i pé kì í ṣe irú àgbà tí yóò kàn ní kí ẹ ṣáà máa ní sùúrù.