Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àga Ọmọ Tòkunbọ̀ àti Ààbò Ọmọ Nínú Ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin, ọkọ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò. Mo rí àga ọmọ tòkunbọ̀ kan ní Sábó. Ẹni tó ń tà á ní Amẹ́ríkà ló ti wá, pé wọ́n ti fi ìkọlù dán an wò níbẹ̀, kò sì fọ́, kí n má bẹ̀rù. Ìyá ọkọ mi ní ìnákúnàá ni, pé apá ìyá tó ọmọ gbé. Ṣé kí n rà á? (Ìyá Ọmọ Tuntun, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá màmá lóhùn, nítorí ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ ohun tí wọ́n sọ, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Apá ìyá tó ọmọ gbé nílé, ẹ̀yìn ìyá sì tó o lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí apá tó tó o bí ọkọ̀ bá fi eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan kọlu nǹkan. Ọkọ̀ yóò dúró lójijì, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a kò dè mọ́ ọn yóò ṣì máa bá eré rẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ọmọ kílò 6 lè já mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára tó ju ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, kò sì sí ìyá tí yóò lè dì í mú. Èyí tó tún burú jù ni kí ìyá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara rẹ̀ àti ọmọ pọ̀, nítorí ara ìyá gan-an ni yóò fún ọmọ mọ́ bẹ́líìtì.

Ní ti ọlọ́jà yẹn, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dorí rẹ̀ kodò. Òfin àga ọmọ ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1971, àmọ́ 1981 ló tó di dandan pé kí wọ́n máa fi ìkọlù dán àga wò. Wọn kì í gbé odidi ọkọ̀ lọ kọlu ògiri fún èyí. Ìjókòó ọkọ̀ ni wọ́n máa ń dè mọ́ orí pẹpẹ onírin tó ń yọ̀ lórí ojú irin. Wọ́n á de àga ọmọ mọ́ ìjókòó náà, wọ́n á sì gbé ọmọláńgidi tó tóbi tó ọmọ gidi, tó sì wúwo tó o, sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kéékèèké wà nínú orí àti àyà ọmọláńgidi yìí tí ń ka bí ìkọlù náà ti le tó lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pẹpẹ yóò fara gba irú ìkọlù tí ọkọ̀ tó ń sá eré bíi 48 kìlómítà ní wákàtí kan ń fara gbà. Ti Yúróòpù jẹ́ 50. Wọ́n á wo ibi tí orí ọmọláńgidi náà sọ dé, bóyá okùn àga já, bóyá ìdè rẹ̀ ṣí. Ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́ kò sí nínú àwọn òfin wọ̀nyí tẹ́lẹ̀: òfin R129 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ló fi í kún un ní 2013, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2022.

Àga tí wọ́n bá ti dán wò báyìí kì í dé ọjà mọ́. Irú rẹ̀ tí wọ́n jọ ti ilé iṣẹ́ kan náà jáde ni à ń rà, èyí tí nǹkan kan kò tíì ṣe. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àga tó wà ní Sábó yẹn ti wà nínú ìkọlù rí, ìdí pàtàkì tí ẹ kò fi gbọdọ̀ rà á nìyẹn. Ìkọlù tó le lè sán ike rẹ̀ níbi tí ojú kò ní rí, ó sì lè na okùn rẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, sọ pé kí a pààrọ̀ àga tó bá ti wà nínú ìjàm̀bá tí kì í ṣe kékeré.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ wò ó dáadáa, ẹ da àga náà dojú dé. Lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀ ni lébẹ́ẹ̀lì máa ń wà, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí, àti ọjọ́ tí kò yẹ kí a lò ó mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ọdún 6 sí 10 lọ, nítorí pé oòrùn àti ooru máa ń sọ ike di ẹlẹgẹ́. Bí wọ́n bá ti ha lébẹ́ẹ̀lì náà kúrò, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ wo ibi tí ike ti funfun bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ sì fi ọwọ́ tọ okùn láti òkè dé ilẹ̀: àwọn kan wà tí wọ́n ti gé, tí télọ̀ sì fi òwú lásán rán padà, tí bílíìṣì sì ti mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Tòkunbọ̀ kan ṣoṣo tí èmi lè fọwọ́ sí ni ti ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ó lè sọ ìtàn àga náà fún yín láti ọjọ́ tó ti rà á. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àga tuntun tí owó rẹ̀ kò ga, tó ní lébẹ́ẹ̀lì òfin, sàn ju tòkunbọ̀ olówó ńlá lọ. Ẹ sọ fún màmá pé kì í ṣe ìnákúnàá: ìṣirò NHTSA ni pé àga tí a lò bí ó ti yẹ ń dín ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ẹ̀yìn ìjókòó, ó sì máa ń sunkún pé òun kò rí wa. Mo fẹ́ yí àga rẹ̀ kọjú síwájú, kí n sì gbé e sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. (Bàbá Ọmọ, Agric)

ÌDÁHÙN: Rárá sí méjèèjì, arákùnrin wa. Àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń fi agbára tú jáde nígbà ìkọlù. Bí ó bá gbá ẹ̀yìn àga tí ojú ọmọ kọ sí ẹ̀yìn, ó lè pa ọmọ náà, bí ìjàm̀bá ọ̀hún kò tilẹ̀ le. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ààyè ọmọ.

Ní ti yíyí i padà, orí ọmọ wúwo púpọ̀ fún ọrùn rẹ̀, eegun ọrùn náà kò sì tíì gan. Bí ojú rẹ̀ bá kọ síwájú nígbà ìkọlù, okùn á di èjìká mú, ọrùn nìkan ni yóò sì máa fa orí. Bí ó bá kọ sí ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀yìn, ọrùn àti orí ni àga yóò jọ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bertil Aldman, dókítà ará Sweden tó kọ́kọ́ ṣe irú àga yìí láàárín àwọn ọdún 1960, rí i bí àwọn tó ń lọ sí òfuurufú ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ń gbéra, ibẹ̀ ni ó ti rí ọgbọ́n náà. Òfin R129 kò gba kí ọmọ kọjú síwájú kí ó tó ju oṣù 15 lọ. Láti 2018 sì ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé kí ọmọ máa kọjú sí ẹ̀yìn títí yóò fi ga tàbí wúwo ju ohun tí wọ́n kọ sára àga náà lọ. Ẹsẹ̀ kíká kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọdé a máa ká ẹsẹ̀ jókòó fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ọ̀pọ̀ àga ni mo ń rí tó ń mì bí aago. Di àga mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí o sì mì ín: kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1996, ẹ fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde dé òpin, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa padà díẹ̀díẹ̀. Yóò ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní tú mọ́. Okùn tó wà lára ọmọ náà kò gbọdọ̀ ṣeé fi ìka ká jọ léjìká rẹ̀. Ẹ má fi ìborùn tó nípọn wé e kí ẹ tó dè é. Orí okùn ni kí ẹ da ìborùn lé.

ÌBÉÈRÈ: Dáńfó ni mo fi ń gbé ọmọ-ọmọ mi láti Ìkòròdú lọ sí Kétu, kò sì ní bẹ́líìtì. Ṣé kí n máa gbé àga wọ̀ ọ́? (Ìyá Àgbà, Èbúté)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá. Àga tí kò sí bẹ́líìtì láti fi dè é kò lè dáàbò bo ọmọ, òun fúnra rẹ̀ sì tún di ẹrù tó lè fò. Nínú dáńfó, ẹ má jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí ẹ sì sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn yín kí ẹ tó jókòó, kí ẹ má bàa fi ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́. Èmi kò ní sọ fún yín pé ìyẹn tó ààbò. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lè háyà takisí, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ béèrè ṣáájú bóyá bẹ́líìtì ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àga ọmọ jòjòló ló ṣeé fi bẹ́líìtì nìkan dè, ẹ sì mì ín wò kí awakọ̀ tó ṣíná.